Iṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà: bí a ṣe ń ta blẹ́ńdà lórí tẹlifíṣọ̀n, láti orí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà

Ẹni tó ń kiri ọ̀ọ̀lẹ̀ kì í kàn pariwo pé ó gbóná fẹlifẹli kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pè é, yóò sọ igbá kalẹ̀, yóò ṣí ìdérí, èéfín yóò sì bọ́ sí yín lójú. Èéfín yẹn ló ń ta ọ̀ọ̀lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà orí tẹlifíṣọ̀n: ohun tí ojú rí ló ń gbé ọwọ́ lọ sí ìdí fóònù. Àmọ́ ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kò lè fọwọ́ kan ọjà, kò lè gbóòórùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bi ní ìbéèrè. Iṣẹ́ àwa tí a wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni láti mọ ìbéèrè yẹn kó tó débẹ̀, ká sì fi òótọ́ dáhùn rẹ̀.

Blẹ́ńdà la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, torí pé ó ni gbogbo wàhálà tí ọjà lè ní: ó ń pariwo, ó ń gbóná, iná ló ń jẹ, ata inú rẹ̀ sì máa ń da kámẹ́rà láàmú. Ẹni tó bá rí i tà dáadáa lè ta áyọ́ọ̀nù àti ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dán ọjà wò kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀

Ẹ má fi èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín fún àpẹẹrẹ ṣe ìdánwò. Wọ́n ti ṣa ìyẹn lẹ́ṣà. Inú ẹrù tí ẹ máa tà gan-an ni kí ẹ ti mú mẹ́wàá, díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe nílé ènìyàn.

Ẹ fi ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tú àṣírí blẹ́ńdà. Ẹ mú agolo mílíìkì méjì ẹ̀wà, kí ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ bó o, kí ẹ bu omi agolo kan sí i. Ẹ fi aago inú fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó kúnná. Ẹ fi ìka méjì pa á lára wò: bí ọwọ́ bá ṣì ń bá nǹkan pàdé bí iyanrìn, kò tíì kúnná, bó ti wù kó rẹwà lójú tó. Ọ̀pọ̀ blẹ́ńdà ilé kò yẹ kó ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ láìsinmi. Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí, kí ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bí rọ́bà tó ń jóná kò ní pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á.

Lẹ́yìn ẹ̀wà, ata: tàtàsé mẹ́fà, tòmátò mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà kan, ká gé wọn sí wẹ́wẹ́. Tòmátò ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí abẹ rí omi mú. Bí tàtàsé bá wà nísàlẹ̀, abẹ yóò máa yí lórí òfìfo, ata yóò sì dúró sókè. Kó má kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀gúsí gbígbẹ àti edé dán ife kékeré wò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ blẹ́ńdà ti ń kọsẹ̀: ẹ̀gúsí ń mú òróró jáde, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara ife.

Ẹ bu omi sí ife ńlá dé ojú ìlà tó ga jù, kí ẹ gbé e lé orí bébà ìròyìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí bébà bá tutù, rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ abẹ kò jókòó dáadáa. Omi tó ń jò yìí ló ń wọ inú mọ́tò tó ń bà á jẹ́, oníbàárà yóò sì sọ pé iná ló jó o.

Ó wá kan iná. Lórí ìwé, 230 volt ni iná ilé ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tí ilé ti pọ̀ jù lórí transformer kan mọ̀ pé ohun tó ń wọlé lálẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tí iná rẹ̀ relẹ̀ kì í sáré, kì í lọ̀ kúnná, ó sì máa ń gbóná. Ẹ dán an wò lálẹ́ nígbà tí iná NEPA bá relẹ̀. Ẹ dán an wò lórí inverter. Ẹ sì dán an wò lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a mọ̀ sí "I better pass my neighbour", nítorí blẹ́ńdà tí wọ́n kọ 500 watt sí lára máa ń fa jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá fẹ́ gbéra. Ìbéèrè yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń pè: "Ṣé jẹ́nẹ́ kékeré lè gbé e?" Ẹ kò gbọdọ̀ máa méfò rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́wàá bá bàjẹ́ lórí tábìlì yín, ẹ má polówó ẹrù yẹn, ẹ dá a padà. Bí kò bá sì lè lọ ẹ̀gúsí gbígbẹ dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀gúsí gbígbẹ kò ní sí nínú ìpolówó nìyẹn. Àní ó dára kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ata, ẹ̀wà àti èso ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ ààlà ohun tó rà kì í dá a padà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé àṣẹ

Blẹ́ńdà tó ti òkè òkun wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé SONCAP láti ọ̀dọ̀ SON, àjọ tó ń rí sí bí ọjà ṣe dára tó ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, MANCAP ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ oúnjẹ, oògùn, ìpara tàbí ọṣẹ lẹ fẹ́ tà, NAFDAC ló ni ẹjọ́. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọjà kì í ṣe àṣẹ láti polówó rẹ̀. Àṣẹ ìpolówó tún dá dúró lọ́tọ̀.

Ìpolówó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, kó tó hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Òfin ọdún 2022 ló dá ARCON sílẹ̀ ní ipò APCON. Ohun méjì ló sábà máa ń kó ènìyàn sí wàhálà níbẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ bíi "òun ló dára jù ní Nàìjíríà" tí kò ní ẹ̀rí. Ìkejì ni fídíò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà fi ránṣẹ́ láti Ṣáínà, tí oníṣòwò kàn fi ohùn Yorùbá lé lórí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ARCON ti fòfin de lílo àwọn àjèjì gẹ́gẹ́ bí olùṣàfihàn tàbí ohùn nínú ìpolówó wa. Torí náà, fídíò tiyín ni kí ẹ yà. Kódà ká ní òfin kò sí, obìnrin tó ń lọ èso ṣitirọ́bẹ́rì nínú fídíò yẹn kò dáhùn ìbéèrè ìyá tó fẹ́ se mọ́ínmọ́ín.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka iye tó wà nílẹ̀

Ní ọdún 1977, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú Clearwater ní ìpínlẹ̀ Florida gba ohun ìṣígolo 112 lọ́wọ́ oníbàárà kan tí kò rí owó ìpolówó san. Wọ́n fi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn tà á lórí afẹ́fẹ́ ní dọ́là 9.95 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tà tán. Ibẹ̀ ni ohun tó wá di Home Shopping Network, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí à ń tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọjà 112 yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ya ẹnu.

Ẹ má polówó ọjà tó ṣì wà lórí omi. Bí blẹ́ńdà 300 bá wà ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ yọ 15 sọ́tọ̀ fún pàṣípààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́, kí ẹ ta 285. Ẹ sì rí i pé àwọ̀ tó máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ni àwọ̀ tó pọ̀ jù nílẹ̀. Oníbàárà tó rí pupa tí ẹ gbé funfun lọ fún kò ní gbà á, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìwé ọ̀rọ̀

Ẹ fi sọ́kàn pé ìyá tó ń wò yín kò fi blẹ́ńdà yín wé blẹ́ńdà mìíràn. Ẹ̀rọ àdúgbò ló fi ń wé e: ẹ̀rọ tí ìyá náà ń gbé ata lọ lójoojúmọ́, tí wọ́n máa ń lọ ẹ̀wà ẹlòmíràn sínú ata tirẹ̀, tí kì í ṣí tó bá di alẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ìpolówó bá jẹ́ àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, báyìí la ṣe máa ń pín in. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ fún ìṣòro: abọ́ ata, òjò, ẹ̀rọ tó ti tì. Láti 8 dé 40, iṣẹ́ ọjà fúnra rẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo tí a kò gé. Láti 40 dé 55, bí a ṣe ń tú u àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, torí pé ẹni tó ti ní blẹ́ńdà rí mọ̀ pé fífọ̀ ni ìyà rẹ̀. Láti 55 dé 68, ohun tó wà nínú páálí, iye owó àti ẹ̀rí ìdánilójú. Gbogbo èyí tó kù jẹ́ ti nọ́ńbà fóònù, ìlú tí ẹ ń gbé ọjà dé, àti bí wọ́n ṣe máa sanwó.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Kí ọ̀rọ̀ ẹnu má ju ìṣẹ́jú àáyá 75 lọ nínú 90. Èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ ti ojú. Ìpolówó tí ẹnu kò dákẹ́ nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ríran.

Ẹ má kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó yí i padà. Ní Yorùbá ni kí ẹ ti rò ó. "Ó kúnná" ni ìyá yóò sọ fún ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ni kí ẹ sọ. Iye owó, ẹ pè é ní Yorùbá, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà, kí ẹ sì kọ ₦38,000 sójú tẹlifíṣọ̀n lákòókò kan náà. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ kà á, ní mẹ́rin-mẹ́ta-mẹ́rin, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí àwa Yorùbá ṣe ń ka nọ́ńbà fóònù fún ara wa nìyẹn, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró ṣírò.

Bí orin bá wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń kọ orin má fi ohùn orin pa ohùn ọ̀rọ̀. "Ó ń lọ̀ kúnná" jẹ́ ìyìn fún blẹ́ńdà. Bí orin bá gbé "lọ̀" sókè di "lọ," ọjà yín ti ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn, etí Yorùbá yóò sì gbọ́ ọ kíá. Orúkọ ọjà náà ńkọ́: ẹ kọ ọ́ lórin fún ènìyàn márùn-ún tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí ẹ ní kí wọ́n pè é padà fún yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ tí a ó ya fídíò

Blẹ́ńdà mẹ́fà tó bára mu ni kó wà níbẹ̀. Ọ̀kan kò ní lọ nǹkan kan rárá: òun ni ti àwòrán tó súnmọ́, ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi gbé e kí ojú ìka má bàa hàn lára rẹ̀. Méjì ni ti iṣẹ́, kí ọ̀kan máa sinmi nígbà tí ìkejì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ti wà ní títú sílẹ̀. Ọ̀kan wà nínú páálí rẹ̀ láìṣí. Èyí tó kẹ́yìn dúró de àjálù.

Ata tí ẹ máa rà kò ní jẹ́ ti ọbẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tún àwòrán yà, ata tuntun ni. Ẹ ṣètò fún ẹ̀ẹ̀mẹjọ: tàtàsé 48 tó bára mu ní ìwọ̀n, tí kò ní ojú dúdú, àti tòmátò 32 tó le díẹ̀. Ẹni tó ń gé ata lẹ́yìn kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó má sì jẹ́ òun kan náà ni yóò tún ojú olùṣàfihàn ṣe. Ata rodo lójú olùṣàfihàn lè dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí kan.

Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó mítà ọgbọ̀n, lẹ́yìn ògiri bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ fi wáyà tó nípọn gbé iná wọlé. Ẹ má so blẹ́ńdà àti iná kámẹ́rà mọ́ wáyà kan náà. Bí mọ́tò bá gbéra, iná yóò ṣẹ́jú, kámẹ́rà yóò sì rí i. Iná NEPA wa ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ fi kámẹ́rà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí shutter (ohun tó ń ṣí ojú kámẹ́rà tó sì ń pa á dé) wà ní 1/50. Bí ẹ bá fi sí 30 àti 1/60, àwọn iná òrùlé kan yóò máa fì nínú àwòrán. Ẹ kúkú pa iná òrùlé. Àwọ̀ iná mìíràn ni tirẹ̀, yóò sì mú kí ojú olùṣàfihàn pọ́n lápá kan kó sì ṣe bí ewé lápá kejì. Ẹ gbé bébà funfun síbi tí blẹ́ńdà máa wà, kí ẹ fi í júwe funfun fún kámẹ́rà.

Ife blẹ́ńdà máa ń dán bíi dígí. Bí iná bá kọjú sí i tààrà, àmì iná funfun ni yóò máa hàn lára rẹ̀ dípò ata. Ẹ ta aṣọ funfun síwájú iná, kí ẹ sì gbé iná kejì sí ẹ̀yìn ife, lápá kan, kí ìmọ́lẹ̀ la inú rẹ̀ kọjá. Ìgbà yẹn ni ata tó ń yí máa ń hàn bó ṣe ń yí. Pupa tàtàsé sì máa ń ju agbára kámẹ́rà lọ: yóò di àpapọ̀ pupa kan tí kò ní ara. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, ẹ dín agbára àwọ̀ kù nínú kámẹ́rà, kí ẹ má sì tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì. Àwọ̀ eérú, búlúù tó ṣú díẹ̀ tàbí pákó lásán ni ata ń yọ lórí rẹ̀.

Olùṣàfihàn kò ní wọ bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ tó ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ, kò sì ní wọ òrùka. Èékánná mímọ́ ṣe pàtàkì ju ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lọ, torí ọwọ́ ló máa pọ̀ jù nínú fídíò.

Ariwo: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo lórí ariwo blẹ́ńdà. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́, blẹ́ńdà tẹ̀ lé e. Ẹ gba ariwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń to àwòrán pọ̀. Ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pa á run. Oníbàárà tó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọmọ rẹ̀ sì jí láti ojú oorun nígbà tó tẹ bọ́tìnnì, yóò sọ pé ẹ purọ́ fún òun.

Ìdí nìyí tí a fi ní láti dúró sórí ọ̀rọ̀ àfihàn òótọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò ti máa ń dé bá ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ní Amẹ́ríkà, Colgate-Palmolive fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọṣẹ ìfárùngbọ̀n wọn, Rapid Shave, mú kí bébà oníyanrìn tí wọ́n fi ń dán pákó rọ̀ débi pé abẹ fá a mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n fá kì í ṣe bébà rárá, dígí oníke tí wọ́n da iyanrìn lé lórí ni. Bébà gidi nílò nǹkan bí ọgọ́rin ìṣẹ́jú nínú ọṣẹ kó tó ṣeé fá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dájọ́ ní ọdún 1965 pé ẹ̀tàn ni. Ìjọba Amẹ́ríkà tún bá ilé iṣẹ́ Campbell tó ń ta ọbẹ̀ inú agolo wí ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, torí pé wọ́n kó dígí róbótó wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ abọ́ kí ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ lè léfòó sókè. Ẹ̀fọ́ wà nínú ọbẹ̀ náà lóòótọ́, bébà náà sì ṣeé fá lóòótọ́. Ohun tí ojú rí ni kì í ṣe òótọ́, òun ni wọ́n sì fi ta ọjà.

Bó ṣe kan blẹ́ńdà nìyí: bí ata bá gba ìṣẹ́jú àáyá 25 lórí tábìlì ìdánwò, ẹ fi gbogbo 25 hàn láìgé, kí aago máa kà ní igun àwòrán. Bí ẹ̀wà bá gba ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú ìsinmi, ẹ lè gé àwòrán, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ iye àkókò tó kọjá sójú àwòrán. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ láti inú blẹ́ńdà yẹn gan-an. Ẹ má lọ ata ní ẹ̀rọ kí ẹ wá dà á sínú ife. Ẹ má bu àwọ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Títo àwòrán pọ̀

Nọ́ńbà fóònù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ọjà bá ti bẹ̀rẹ̀, kó sì gba gbogbo ojú àwòrán fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 12 níparí. Ẹ má sún un mọ́ etí: tẹlifíṣọ̀n mìíràn máa ń gé etí àwòrán, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì lè fi ìròyìn tó ń sáré kọjá bo ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré láti òdìkejì pálọ̀. Bí ẹni àádọ́ta ọdún kò bá lè kà á láìwọ awò, lẹ́tà náà kéré.

Ìgbésẹ̀ 7: Ríra àkókò, àti ìṣirò tó máa ń tan ènìyàn jẹ

Nọ́ńbà fóònù ọ̀tọ̀ ni fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ń ta ọjà àti èyí tó kàn ń gba owó. Ẹ yan ẹni tí yóò máa wo ìpolówó náà, tí yóò sì kọ aago tó jáde sílẹ̀. Kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbé e jáde.

Ká ní ẹ ra blẹ́ńdà ní ₦19,000. Páálí àti téèpù, ₦800. Gbígbé e lọ, ₦3,500. Àwọn tó ń gbé fóònù, ₦700. Àpapọ̀ jẹ́ ₦24,000. Ẹ ń tà á ní ₦38,000, èrè jẹ́ ₦14,000. Bí àkókò tẹlifíṣọ̀n bá jẹ́ ₦500,000, oníṣòwò yóò pín in, yóò ní bí ènìyàn 36 bá ti pè, owó ti padà.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Sísanwó lẹ́nu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́, gbogbo ẹni tó pè kọ́ ló sì ń gbà á. Ká ní 65 nínú 100 ló gbà á. Èrè lórí 65 jẹ́ ₦910,000. Ṣùgbọ́n 35 tó kù ti jẹ owó àlọ ₦3,500, owó àbọ̀ ₦2,000 àti owó fóònù ₦700: ₦6,200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦217,000 lápapọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ₦693,000 lórí ìpè 100, ìyẹn ₦6,930 lórí ìpè kan. Ìpè 73 ni ẹ nílò, kì í ṣe 36.

Ẹ tún wò ó: bí ẹni tó gbà á bá di 80 nínú 100, ohun tó máa ṣẹ́ kù yóò di ₦996,000, ìpè 51 yóò sì ti tó. Ẹ kò fi kún owó tẹlifíṣọ̀n, ẹ kò tún fídíò yà. Ìdí fóònù àti orí ọ̀kadà ni owó yẹn wà.

Ìgbésẹ̀ 8: Fóònù

Ìpè kì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ìpolówó bá parí ló ń ya dé. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń gbé fóònù, tí ìpè kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìpè 11 péré ni wọ́n lè dáhùn ní ìṣẹ́jú 15. Bí 40 bá pè, 29 kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ má ra àkókò ní aago méjìlá òru torí pé ó pọ́ọ́kú bí kò bá sí ẹni tó máa jí. Ẹ fi WhatsApp sórí nọ́ńbà kan náà, kí ẹ sì pe gbogbo ẹni tí kò rí yín bá sọ̀rọ̀ padà láàárín wákàtí kan. Bó bá di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti tutù.

Ẹni tó ń gbé fóònù gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ata nínú blẹ́ńdà yẹn. Kó kí ènìyàn dáadáa: "Ẹ káàsán mà, ẹ ṣeun tí ẹ pè wá." Kó má pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ lásán nítorí pé ó ti rí i kọ. "Mà" àti "sà" kò náni ní kọ́bọ̀. Ohun tó máa gbà sílẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù méjì, àdírẹ́sì pẹ̀lú ibi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ (mọ́ṣáláṣí, ilé epo, orí ìta), ẹni tó máa wà nílé láti gbà á, àti ọjọ́ tí owó máa wà lọ́wọ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí máa ń ti àwọn tó ń gbé fóònù lójú. Kí wọ́n béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọjọ́ wo ló máa rọrùn fún yín ká gbé e wá, mà?" Bó bá ní ìparí oṣù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìparí oṣù. Ẹ má gbé e lọ lónìí.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹnu ọ̀nà

Ẹ gbé e dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ìdí tí ènìyàn fi ń kọ ọjà kò pọ̀: ó pẹ́ jù, ẹni tó pè kò sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, owó ti bá ibòmíràn lọ, tàbí ohun tó dé kò jọ ohun tí wọ́n rí. Ìpè kan ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọlọ́kadà máa gbéra ń yanjú mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn.

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà dán an wò kó tó sanwó: kí ọlọ́kadà so ó mọ́ iná, kó bu omi díẹ̀ sí i, kó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí kò bá sí iná, kó ṣí i kó fi abẹ, ìdérí àti ife kékeré hàn án, kó sì fi nọ́ńbà tó máa pè sílẹ̀. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ inú páálí ní Yorùbá: tòmátò kọ́kọ́, má kún un jù, ìṣẹ́jú kan kó sinmi, má da ohun gbígbóná sí i. Oníbàárà tó da ọbẹ̀ tó ń hó sínú ife tí ìdérí sì fò bá a lójú kò ní rántí pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ fún òun.

Èyí tó bá padà, ẹ má jù ú sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó dé, kí ẹ kọ ìdí tó fi padà síwájú orúkọ oníbàárà, kí ẹ sì pín wọn sí mẹ́ta: èyí tí wọn kò ṣí, èyí tí wọ́n ṣí àmọ́ tó dára, èyí tó bàjẹ́. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló lè padà sínú ọjà tuntun. Bí ọ̀pọ̀ bá padà fún ìdí kan náà, ẹ dá ìpolówó dúró lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ gbé tábìlì ìdánwò síta, kí ẹ tún rẹ ẹ̀wà agolo méjì.